Kbatra: ọ̀rọ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n lórí òkúta Líkíà

Nígbà tí mo dé pápákọ̀ òfurufú ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kejì, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò bi mí pé ta ni mo wá kí. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ìbéèrè yẹn bá mi lójijì, torí láti Èkó tí mo ti gbéra, n kò rò ó sí ọ̀nà yẹn rárá. Ọmọ mi ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ń bọ̀ wá bá a wẹ ọmọ. Ọṣẹ dúdú, àdí àgbọn àti kànhìnkànhìn wà nínú báàgì mi. Mo dáhùn pé obìnrin ni, ó lu ìwé mi lóǹtẹ̀, mo kọjá.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju lẹ́tà mẹ́fà lọ: kbatra. Ọmọ ẹni tó jẹ́ obìnrin ló túmọ̀ sí. Kì í ṣe ọmọbìnrin tí à ń fi pe ọ̀dọ́ tó ń kọjá lọ lójú títì o. Ọmọ tí èèyàn bí ni. Èdè Líkíà ló ni ín, èdè tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára òkúta mọ́ láti nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣọ̀wọ́n, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí n ó fi mọ ilé baba rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ti gba Líkíà kọjá rí láìfura. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń mú Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù, Míírà ní ilẹ̀ Líkíà ni wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ní orí 21, Pátárà ló ti bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, Líkíà náà ni. Nicholas tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Míírà láyé àtijọ́ ni wọ́n ń ròyìn títí ó fi di Bàbá Kérésìmesì tí àwọn ọmọ wa ń tò lọ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù Kejìlá. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Tọ́kì ni ilẹ̀ náà bọ́ sí lónìí, láàárín Fethiye àti Antalya, níbi tí àwọn òkè ti ki ẹsẹ̀ bọ inú òkun. Àwọn Gíríìkì ló ń pe àwọn èèyàn náà ní ará Líkíà. Trm̃mili ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. M̃ tí ẹ rí láàárín rẹ̀ yẹn, ohun tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni, kọ́ńsónáǹtì aránmúpè asesílébù: ó dá dúró bíi ń inú "ń lọ". Èdè Líkíà ní fáwẹ́lì aránmúpè pẹ̀lú, ã àti ẽ, bí àwa náà ṣe ní an àti ẹn. Lẹ́tà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọ ti àwọn Gíríìkì. Bí ẹ bá rí kbatra bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ sára òkúta, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á: K, B, A, T, lẹ́yìn náà ohun tó jọ P ṣùgbọ́n tí í ṣe R, lẹ́yìn náà A. Ibi tó ti ń tan ojú jẹ ni i wọn. Ó jọ E bí ìbejì.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí mo dé, òjò dá díẹ̀, ọmọ mi ní kí a jáde, kí n yé jókòó ti fèrèsé. A lọ sí British Museum. Èmi ni mo pọn ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti pàdé ibojì Payava, ará ìlú Xanthos ní Líkíà. Charles Fellows, Gẹ̀ẹ́sì kan tó dé Xanthos ní 1838, ló wà nídìí bí wọ́n ṣe kó ibojì náà wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1840. Ilé ni mo kọ́kọ́ pè é. Òkúta ni láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ẹ bí ìgbà tí káfíńtà bá fi igi kọ́lé: òpó, igi ìdábùú, àti orí àwọn igi àjà tó yọ síta ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Òrùlé rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Òkìtìpupa ni wọ́n bí mi sí. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sí èbúté láìmọye ìgbà. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Ilé tí mo pè é náà kò jìnnà sóòótọ́. Prñnawa ni ọ̀rọ̀ Líkíà fún irú ibojì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tí a kọ́, ẹbí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú èdè àwọn Hítì, níbi tí parn- ti jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀ ilé. Hítì yìí ni orúkọ tí Bíbélì fi pe Ùráyà, ọkọ Bátíṣébà. Títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó lè ka èdè wọn. Bedřich Hrozný ló ṣí i ní 1915. Nígbà tó di 1945, Holger Pedersen ará Dẹ́ńmáàkì tẹ ìwé kan jáde tó to ọ̀rọ̀ Líkíà àti ti Hítì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì hàn pé ìdílé kan ni wọ́n. Láti ìgbà yẹn ni àwọn òkúta Líkíà ti ń tú ọ̀rọ̀ ikùn wọn sílẹ̀.

Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ ara ibojì Líkíà kan, ẹ ti ka púpọ̀ nínú wọn. Wọn a ní: ebẽñnẽ prñnawã mẽti prñnawatẽ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní láti yí gbólóhùn yìí po kí wọ́n tó rí i túmọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe tò náà ni Yorùbá ṣe ń tò ó: "Ilé yìí, ẹni tó kọ́ ọ ni Lágbájá, ọmọ Làkáṣègbè." Wọn a wá fi kún un pé hrppi ladi ehbi se tideime, "fún aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ". Lada ni aya. Tideimi ni ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí tideimi, torí òun ló jẹ́ kí kbatra ṣọ̀wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni fífún ọmọ lọ́mú. Èdè Lúwì, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí Líkíà, ní titaimi, tí í ṣe ẹni tí a fún lọ́mú, ẹni tí a tọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé Pixodaros jẹ́ ọmọ Hekatomnos, tideimi ni wọn a lò. Bí wọ́n bá fẹ́ kó gbogbo ọmọ inú ilé pọ̀ kí a lè sin wọ́n sójú kan, tideime náà ni. Ọmú kò bèèrè ẹni tó jẹ́ ọkùnrin tàbí ẹni tó jẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí wà lórí òkúta káàkiri ilẹ̀ Líkíà bí ewéko. Kbatra ńkọ́? Òkúta tó dárúkọ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń wá a ní láti mọ ibi tí yóò yà sí.

Ibi tí mo yà sí ni Tlos. Ìlú olókè ni, ní apá ìlà-oòrùn àfonífojì odò Xanthos. Ọkùnrin ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Xssbezẽ gbé ère ara rẹ̀ àti ti aya rẹ̀ kalẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí i ní èdè méjì, Líkíà àti Gíríìkì. Ernst Kalinka kó àwọn òkúta Líkíà jọ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Vienna ní 1901, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà. Òkúta Tlos yìí ni nọ́ńbà 25. Ní ti aya náà, èyí ni Líkíà kọ: tikeukẽprẽ pilleñni urtaqijahñ kbatru. Tikeukẽprẽ, ará Pinara, ọmọ Urtaqija. Ní ibi tí Líkíà ti kọ kbatru, Gíríìkì kọ thygatera, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tó gbọ́ Gíríìkì mọ̀ sí ọmọ ẹni lóbìnrin. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yé wa nìyẹn: ẹni tó mọ èkíní fi ọ̀nà èkejì han àwa tí kò mọ̀ ọ́n. U tó gba ipò a ní ìparí rẹ̀ kò sì yí ìtumọ̀ padà. Àbọ̀ ni obìnrin náà nínú gbólóhùn, torí òun ni ọkọ rẹ̀ gbé ère rẹ̀ kalẹ̀. Bí èdè wọn ṣe ń sàmì sí àbọ̀ nìyẹn.

Wàyí o, níbo ni kbatra ti wá? Àwọn onímọ̀ èdè mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èdè láti Íńdíà dé Yúróòpù jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, wọ́n sì pín ọ̀rọ̀ yìí jogún. Gíríìkì ní thygater, Sanskrit duhitar, Lithuania duktė, Jámánì Tochter, Gẹ̀ẹ́sì daughter. Ojú jọjú nínú ọ̀pọ̀ wọn: d tàbí t níwájú, ìró kan láti ọ̀fun láàárín, t àti r lẹ́yìn. Kbatra nìkan ló dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú ni a fi ń mọ ẹbí, wọn kò ní jẹ́ kó jókòó.

Lúwì ló wá ṣe ẹlẹ́rìí fún un. Tuwatri ni Lúwì ń pe ọmọ ẹni lóbìnrin. Ẹ wò ó dáadáa: ìró ọ̀fun tó wà láàárín ti pòórá, u tó ṣẹ́kù sì di w kó lè gba fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e mọ́ra. Ẹ fún t àti w pọ̀ kí ẹ pè é ní kíá, ẹ ó rí twatra. Láti twatra dé kbatra kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ, àwọn ará Líkíà kò sì gbé ìṣísẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Méjì ní Lúwì ni tuwa. Ní Líkíà, kbi ni ìkejì. Èdè Milyan tó jẹ́ ìbátan Líkíà, tí wọ́n kọ sára òpó òkúta ńlá tó ṣì dúró ní Xanthos, ń pe ẹ̀ẹ̀mejì ní tbisu. Líkíà ní kbihu. Níbi tí tw bá ti wà tẹ́lẹ̀, kb ni Líkíà ń gbé jáde. Ìyàtọ̀ tó bá lófin nídìí kì í ṣe àṣìṣe mọ́, ẹ̀rí ẹbí ló dà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjì àwọn ará Àméníà, erku, ṣe jẹ́ ẹbí two àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lẹ́tà kan tó pa wọ́n pọ̀.

Kí ló dé tí t àti w yóò fi bí k àti b? Ẹ pe w lẹ́nu yín nísinsìnyí. Ètè ń ká jọ, ẹ̀yìn ahọ́n sì ń gbéra sókè lọ́wọ́ kan náà. Iṣẹ́ méjì ni w ń ṣe. Ọ̀nà ọ̀fun ni k ti wá, ọ̀nà ètè ni b gbà. Àwa Ìkálẹ̀ mọ nǹkan díẹ̀ nípa bí w ṣe ń fi ẹ̀yìn ẹnu ṣeré: ohun tí ará Ọ̀yọ́ ń pè ní ọwọ́, ọghọ́ ni ìyá mi àgbà ń pè é títí ó fi kú, olùkọ́ mi sì na àwọn ọmọ kíláàsì wa lórí rẹ̀ pé a kò gbọ́ Yorùbá. Ọjọ́ tí mo kà nípa kb ni mo tó dárí ji olùkọ́ yẹn. Ẹlòmíràn nínú yín yóò ti máa sọ lọ́kàn pé kb yìí, ṣé kì í ṣe gb tiwa nìyẹn? Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ náà, orí mi wú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà k àti lẹ́tà b ni wọ́n gbẹ́ tẹ̀ léra, Líkíà kò sì bá Yorùbá tan níbi kankan. Mo fi ìdùnnú yẹn pamọ́ sápò.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù wà lọ́dọ̀ àwọn Hítì. Wọ́n yá àmì ìkọ̀wé lọ́wọ́ àwọn ará Bábílónì, àmì tí àwọn Sùmérì ti ń lò ṣáájú wọn. Bí akọ̀wé Hítì bá fẹ́ kọ ọmọ ẹni lóbìnrin, kì í to ìró rẹ̀. Àmì méjì ló máa ń tẹ̀ sínú amọ̀, DUMU àti MUNUS. DUMU ni ọmọ. MUNUS ni obìnrin. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí Hítì ń pè lẹ́nu gan-an sá pamọ́ sẹ́yìn àmì, ohun tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wa jẹ́ ọmọ-obìnrin gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe ń so ó pọ̀. Mo ka ojú ìwé tí mo ti rí èyí fún ọkọ ọmọ mi bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ó wọlé lọ wá oúnjẹ.

Àwọn kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Max Müller wà nínú wọn, máa ń sọ pé ìdí ọ̀rọ̀ duhitar ni duh, fífún wàrà, torí pé ọmọbìnrin ilé ló ń fún wàrà màlúù láàárọ̀. Ìtàn tó dùn ni, a tilẹ̀ lè rí ọmọ náà pẹ̀lú korobá rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gbà á mọ́, èmi náà kò sì bá wọn jiyàn, torí mo mọ irú aáyun yẹn: bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe ń la gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wẹ́wẹ́ títí wọn ó fi rí ìtàn nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí.

N kò lè dárúkọ ọmọbìnrin ní Líkíà kí n má dárúkọ Herodotus. Gíríìkì tó ń kọ ìtàn ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kírísítì ni. Ó kọ ọ́ pé àwọn ará Líkíà yàtọ̀ sí gbogbo ayé: bí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wọn pé ọmọ ta ni, orúkọ ìyá rẹ̀ ni yóò dá, yóò sì máa ka àwọn ìyá ìyá rẹ̀ lọ sókè. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Johann Jakob Bachofen, ará Basel, ti mú púpọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1861, tó fi ń sọ pé ayé ti wà lábẹ́ àwọn ìyá rí. Àwọn òkúta kò jẹ́rìí sí i. Orúkọ bàbá ni wọ́n ń kọ, ti Xssbezẽ bẹ́ẹ̀, ti aya rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé Herodotus gbọ́ nǹkan kan, kò gbọ́ ọ tán. Bí àlejò bá dé ọ̀dọ̀ wa, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi oríkì ilé baba rẹ̀ kí ìyàwó kan nínú ilé ọkọ, kò ṣòro kó padà lọ kọ ọ́ pé nílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó ló ni ilé.

Ó ṣe tán, ibi tí mo ti rí kbatra ní Tlos nìyẹn. Tikeukẽprẽ kò sí nílé baba rẹ̀ mọ́. Ó ti kúrò ní Pinara, ó ti sọdá odò, ó ti di aya ará Tlos, ère rẹ̀ sì dúró ti ọkọ rẹ̀ ní gbangba. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rántí láti kọ ìlú rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ tì í lára. Nígbà tó wà ní kékeré ní Pinara, mo rò pé tideimi ni, bí àwọn yòókù.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ padà wálé, mo jókòó sí ilé ìdáná láti túmọ̀ òkúta náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó yọ mí lẹ́nu, tuhes. Xssbezẽ jẹ́ tuhes Purihimeti, aya rẹ̀ náà jẹ́ tuhes Prijenuba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ẹni ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Yorùbá kò ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: a ó bèèrè ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò, òkúta kò sì dáhùn. Mo fi àlàfo sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo kọ rèé:

"Àwọn ère yìí, ẹni tó gbé wọn kalẹ̀ ni Xssbezẽ, ọmọ Krupsse, ...... Purihimeti, ará Tlos: ère ara rẹ̀ àti ti aya rẹ̀, Tikeukẽprẽ ará Pinara, ọmọ Urtaqija, ...... Prijenuba."

Ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń mi ọmọ tirẹ̀ léjìká. Ó kà á.

"Màmá, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń torí rẹ̀ lọ sí láìbìrì láti ọjọ́ yìí wá dà?"

Mo wò ó. Ọmọ Krupsse, ọmọ Urtaqija. Tideimi di ọmọ, kbatra di ọmọ. Gbogbo ìrìn àjò láti duhitar dé tuwatri dé kbatra, kò sí ojú rẹ̀ nínú ìwé mi.

"Ẹ kọ 'ọmọ Urtaqija lóbìnrin'," ó ní.

"Mo ti kọ 'aya rẹ̀' sókè níbẹ̀. Ta ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọmọ fún mi kó lè po omi gbígbóná, mo sì ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi má ta sí i.